Owó Táṣẹ́rẹ́, Ẹ̀rín Rẹpẹtẹ: Ìtàn Ẹ̀yìn Kámẹ́rà Láti Agbamu Dé Ìlọrin

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn fíìmù Yorùbá tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe, tí àwọn olólùfẹ́ wọn kò sì fi sílẹ̀ títí dòní, wọ́n sì ní kí n jẹ́ kí ó pa yín lẹ́rìn-ín. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, nítorí ẹ̀bẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín, ẹ̀rín yẹn ló sì máa gbé mi débẹ̀.

Níbikíbi tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí fíìmù bá ti pàdé, ìbáà ṣe níbi òkú àgbà tàbí níbi ìkómọjáde, ọ̀rọ̀ lokéṣọ̀n ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n á sọ ti ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kú, ti ọjọ́ tí òkú inú eré sín, ti ọjọ́ tí ẹlẹ́ṣin já bọ́ tí ẹṣin rẹ̀ sì ń bá ogun lọ láìsí jagunjagun lórí rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Àwọn tó ń gbọ́ á rò pé wọ́n kàn ń dápàárá ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ìtàn yẹn ni ìmọ̀ iṣẹ́ wa wà: bí wọ́n ṣe rí iná, ohun tí wọ́n fi rọ́pò ohun tí wọn kò ní, ẹni tó yá wọn lówó, ẹni tí gbèsè pa kú. A kò kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú ìwé kankan. Ẹnu àwọn tó ṣe é ló wà, wọ́n sì ń dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi Paris ṣàlàyé kí n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1896, onídán kan tó ń jẹ́ Georges Méliès gbé kámẹ́rà sí Place de l'Opéra, ó ń ya bí ọkọ̀ àti èèyàn ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Kámẹ́rà há. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i tú, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ìgbà tó fọ fíìmù náà tó sì wò ó lára ògiri ló rí i pé ọkọ̀ akérò tó ń kọjá ti di ọkọ̀ ìsìnkú lójijì, àwọn ọkùnrin kan sì ti di obìnrin. Méliès ní láti ibẹ̀ ni òun ti rí ọgbọ́n bí èèyàn ṣe lè pòórá àti bí nǹkan ṣe lè di nǹkan mìíràn nínú sinimá, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní 1907. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹ̀rọ tó há, ọkùnrin kan tó rí i pé ó yẹ ní kíkọ, ó di ẹ̀kọ́ fún gbogbo ayé.

Ọgbọ́n yẹn gan-an ni àwọn àgbà wa lò. Bí àjẹ́ bá máa di ẹyẹ nínú fíìmù, dáírẹ́kítọ̀ á pariwo pé kí gbogbo èèyàn dúró gbagidi bó ṣe wà. Wọ́n á pa kámẹ́rà. Ìyá tó ń ṣe àjẹ́ á sáré kúrò, wọ́n á gbé ẹyẹ sí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á tún tan kámẹ́rà. Ohun tó máa ń da iṣẹ́ rú ni ara ọmọ èèyàn. Eṣinṣin á bà lé ẹnì kan nímú, ọmọ kan á yí ọrùn láti wo ibi tí ìyá náà sá gbà. Bí ẹ bá tún rí àwọn fíìmù ìgbà náà, ẹ má wo àjẹ́, àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Wẹ́rẹ́ ni orí ẹnì kan á fò láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Ní kékeré wa, a gbà pé agbára àjẹ́ náà ló mì í lórí, ẹ̀rù sì túbọ̀ ń bà wá ni. Àwa tá a wá dé ẹ̀yìn kámẹ́rà lẹ́yìn náà, ẹnu àwọn àgbà tó ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ la ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Kò sí ẹni tó fún wa ní ìwé rẹ̀ kà.

Ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí sì ní ìpín ńlá nínú ọ̀rọ̀ náà. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ọmọ Agbamu ni, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. 1940 ni wọ́n bí i. Ó wọ ẹgbẹ́ òṣèré Moses Ọláìyá ní 1966, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1971. Ọlá Balógun, tó kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Paris, ló darí Àjàní Ògún ní 1976, Adé Love sì ni olú òṣèré rẹ̀. Fíìmù yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn sinimá Yorùbá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìjà Òmìnira dé, èyí tí wọ́n mú jáde láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé Adébáyọ̀ Fálétí. Nígbà tó di 1980, Adé Love ti ń ṣe tirẹ̀: òun ló kọ Kádàrá, òun ló náwó sí i, òun náà ni olú òṣèré. Wọ́n gbé Kádàrá dé àjọ̀dún fíìmù Áfíríkà àti Éṣíà ní Tashkent ní Uzbekistan, ní ilẹ̀ Soviet ìgbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ yín lára. Ọmọ Agbamu, tó ń sọ Yorùbá tí a ń sọ nínú ọjà, tí àwọn ará Uzbekistan jókòó tì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ná wọn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà, òkè òkun ló ń lọ, London ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà. Èyí ni pé o kó ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ sínú igbó, o ya ogun, o pa ọba, o sì fi ọba jẹ, o kò tíì mọ̀ bóyá ohunkóhun wọ inú fíìmù. O di rólù fíìmù sínú àpótí, o fi ránṣẹ́, o sì ń dúró de èsì. Bí èsì bá dé pé ìran kan kò mọ́lẹ̀ tó, kí lo fẹ́ ṣe? Òjò ti dé, koríko ibi tí ẹ ti jagun ti ga ju ọkùnrin lọ. Ẹni tó ṣe balógun ti gé irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyàwó ọba inú eré ti lóyún. Nítorí náà wọ́n á lo ìran náà bó ṣe rí. Nígbà tí àwọn alárìíwísí bá ń kọ̀wé pé òkùnkùn pọ̀ jù níbì kan, tàbí pé aṣọ kan yí padà láìnídìí, ohun tí wọ́n ń kà gan-an ni ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ òṣèré kan, wọn kò sì mọ̀.

Fíìmù parí tán, ìdààmú mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ará Lẹ́bánónì àti àwọn ará Íńdíà ni púpọ̀ nínú ilé sinimá wà, fíìmù Íńdíà àti ti Ṣáínà ni wọ́n ń fi han àwọn èèyàn. Onífíìmù Yorùbá á háyà gbọ̀ngàn ìlú tàbí gbọ̀ngàn ilé ìwé, á di prójẹ́kítọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ sínú bọ́ọ̀sì, á sì máa ti ìlú dé ìlú bó ṣe ń ṣe nígbà tó ń ṣeré orí ìtàgé. Olú òṣèré tí ẹ rí lórí ẹṣin lára ògiri ni ẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà tó ń ka owó. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí rólù náà kúrò lójú rẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí i gbé lálẹ́ ọjọ́ kan ti lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí, nítorí ó dùn mí dé ọkàn. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ọ̀gá gbogbo aláwàdà ilẹ̀ yìí, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ọkùnrin kan tí oníjìbìtì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì kó sínú wàhálà ayé àti ọ̀run, ni ìtàn inú rẹ̀. Bàbá Sàlá kó owó sínú fíìmù yẹn, ó sì jẹ gbèsè kún un. Kí ó tó fi rìn yí ilẹ̀ ká, àwọn olè ti ṣe é sórí téèpù fídíò, wọ́n ti ń tà á láti Èkó dé òkè òkun. Àwọn èèyàn jókòó nínú pálọ̀ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ìyà tó jẹ ọkùnrin inú eré, wọn kò sì mọ̀ pé èyí tó jẹ ẹni tó ṣe eré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún dìde. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé, ó ṣe Mosebọ́látán ní 1985, Adé Love tó ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ló sì bá a darí ìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ títí ara fi kọ̀ ọ́, ó sì jáde láyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Mo fẹ́ kí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù lónìí mọ bí ọkùnrin kan ṣe pàdánù tó bẹ́ẹ̀ tó sì tún lọ ṣe òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1986 dé, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP. Náírà já. Owó tí wọ́n fi ń ra fíìmù àti tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ lókè òkun di ohun tí ẹgbẹ́ òṣèré kò lè fojú rí mọ́. Àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní reversal. Nínú fíìmù gidi, èyí tó wọ inú kámẹ́rà ni ìyá, ẹ á fi pamọ́, ẹ̀dà rẹ̀ ni ẹ ó máa fi han èèyàn. Reversal kò ní ìyá kankan. Èyí tó wọ kámẹ́rà náà lẹ máa fọ̀, òun náà lẹ máa gé, òun náà lẹ máa gbé sórí prójẹ́kítọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fi han àwọn ará ìlú kan, eyín prójẹ́kítọ̀ á họ ọ́ díẹ̀. Ìlú tó bá wò ó kẹ́yìn, òjò ni wọ́n á máa rí lójú gbogbo òṣèré. Mo mọ bàbá kan tó máa ń sọ pé nígbà tí fíìmù àwọn dé ìlú tó kẹ́yìn nínú ìrìn àjò náà, ọ̀sán gangan inú eré ti di ọjọ́ òjò, àwọn èèyàn ìlú yẹn sì yìn wọ́n pé wọ́n mọ bí a ṣe ń ya òjò. Ó máa ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi ń gbọ́ ọ, mò ń rò ó pé fíìmù yẹn kò sí mọ́ níbì kankan.

Ibi tí wọ́n ti rí àbùjá ni fídíò. Kámẹ́rà VHS tí àwọn èèyàn fi ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni wọ́n gbé lọ sí lokéṣọ̀n. Sọ̀ńsò Méjì tí Adé Àjíbóyè ṣe ní 1988 àti Ẹkùn tí Àlàdé Arómirẹ́ ṣe ní 1989 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yẹn. Ọ̀rẹ́ wa láti ilẹ̀ Ìgbò, Kenneth Nnebue, fíìmù Yorùbá ló kọ́kọ́ náwó lé, Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá darí, kí ó tó di pé ó gbé Living in Bondage jáde ní 1992. Ní Gánà, William Akuffo ti fi VHS ṣe fíìmù àjẹ́ tirẹ̀, Zinabu, ní 1987. Ẹ rí i pé àìlówó kan náà ló ń kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n kan náà ní etíkun kan náà. Ìgbà tí UNESCO fi máa ka iye fíìmù tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ní 2006, Íńdíà ní 1,091, Nàìjíríà ní 872 lórí fídíò, Amẹ́ríkà ní 485. Èdè ilẹ̀ wa ni wọ́n sọ nínú èyí tó ju ìdajì lọ nínú tiwa.

Àwọn fíìmù yẹn ní àwọn tí kò kú. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti lé lógójì ọdún nínú gbọ̀ngàn yìí nípa Kòtò Ọ̀run tí Yẹkínì Àjíléye ṣe, ẹ ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa yí padà. Ẹ dárúkọ Fádèyí Olóró, tí eré tẹlifíṣọ̀n Àrélù sọ di ìlú mọ̀ọ́ká, kẹ́ ẹ rí i bóyá àwọn àgbàlagbà kan kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀ lórí ìjókòó. Jímọ̀h Àlíù tó ṣe Àrélù, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Àwòrò, àti Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú, Òrìṣàbùnmi wa, ọmọ Olla ní ìpínlẹ̀ Kwara níbí, wọ inú ilé àwọn èèyàn tí wọn kò pàdé rí láyé. Àwọn olùwòran wọn kò bìkítà pé ìrù ẹṣin inú àwòrán kan gùn tó sì kúrú nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n mọ̀ ọ́n lórí. Wọ́n ń dúró dè é. Owó rẹpẹtẹ kò ra irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn kan máa ń sọ pé Ìlọrin kì í ṣe ìlú fíìmù. Wọ́n á ní ìlú àáfà ni, àti pé oríkì ìlú yìí ní wọn kò ní eégún, ẹṣin ni eégún ilé wọn. Òótọ́ ni pé inú eégún aláré Ọ̀yọ́ ni àwọn alárìnjó ti wá, inú alárìnjó sì ni Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré orí ìtàgé, Adé Love àti Bàbá Sàlá ti rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù orin dadakúàdà Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú tàbí Jáígbádé Àlàó rí, ó mọ̀ pé ìlú yìí mọ ìtàn sọ, ó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, ó sì mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá èèyàn mẹ́ta wí. Èyí tí a nílò fún fíìmù nìyẹn. Ìyókù, iná ni, àti ìgboyà.

Mo ti di pátákó ìmọ́lẹ̀ mú rí lẹ́yìn kámẹ́rà nínú ìlú yìí, mo sì ti gbé máìkì orí igi. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí ojú mi rí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohùn ni ọ̀tá wa, àwòrán kò le tó o. A ń yàwòrán nínú agboolé kan lẹ́yìn Ọjà Ọba. Ọkùnrin alọta kan wà ní ojúlé kejì. Ní ọjọ́ kìíní, olùdarí ìpèsè wa lọ bá a, ó fún un ní owó díẹ̀ pé kí ó jọ̀ọ́ fún wa ní ìdákẹ́jẹ́ fún wákàtí kan. Bàbá náà gbà. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ là. Ó rí i pé ìgbàkígbà tí ọ̀gá wa bá ti pariwo pé "Áṣọ̀n!", ibẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ ti níye lórí jù. Láti ọjọ́ kejì, bí a bá ti gbọ́ "Áṣọ̀n!", ẹ̀rọ ata náà á dáhùn. Kò sí ata nínú rẹ̀ o, òfìfo ni ó ń lọ̀. Ọ̀gá wa ronú títí, ó wá yí ọ̀rọ̀ àṣẹ padà sí "Bísímílà". Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ṣiṣẹ́ kí bàbá tó mọ̀. Títí dòní, ẹgbẹ́ tá a jọ ṣiṣẹ́ nígbà náà kì í sọ "Áṣọ̀n" mọ́, Bísímílà náà ni, mo sì gbà pé ó sàn jù.

Ìpè ìrun kò jọ èyí ní tirẹ̀, a kì í bá a du àkókò. Ẹ mọ Ìlọrin. Mọ́sáláṣí kan á bẹ̀rẹ̀, òmíràn á gbà á, títí tí ìlú á fi gba ohùn kan. Agbohùn tó gbọ́n mọ ìgbà tí ìpè á bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ń to iṣẹ́ ọjọ́ náà. Òṣèré á lọ kírun, àwọn oníná á jẹun, jẹnẹrétọ̀ á tutù. Mo ti bá àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn tí wọn kì í sinmi, ìjà ní ń parí ọjọ́ wọn. Ní Ìlọrin níbí, ìrun ni ó ń bá wa pín ọjọ́ sí mélòó kan, iṣẹ́ sì ń lọ.

Aṣọ ńkọ́? Yíyá ni. Ẹnì kan yá wa ní fìlà tó jojú ní gbèsè fún olówó inú eré wa. À ń ya ìran níbi tí olówó náà ti ń bá àna rẹ̀ ja, bẹ́ẹ̀ ni onífìlà dé, ó ní ìkómọjáde kan ti yọ sí òun, òun fẹ́ fìlà òun. Kò dúró gbọ́ àlàyé. A ti ya ìdajì ìjà náà pẹ̀lú fìlà. Ọ̀gá wa kò bínú. Ó bá òṣèré náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, a tan kámẹ́rà, olówó fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àna mi, ẹ ti mú mi bínú débi tí mo fi sọ fìlà mi nù!" Nígbà tí fíìmù náà jáde, gbólóhùn yẹn ni àwọn ọmọ àdúgbò Gáà Akanbí ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Kò sí nínú ìwé eré. Ẹni tó ni fìlà ló kọ ọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé. Wọ́n yá wa ní pálọ̀ kan láti ya ìran òkú. A tẹ́ òṣèré wa sórí ẹní, a da aṣọ funfun bò ó, àwọn obìnrin inú eré ń múra àtisunkún, ẹkún náà kò sì dára. Wọ́n ń sunkún bí ẹni tó ń kọrin. Ìyá tó bí onílé wa lọ sí ọjà Ìpàtà láti àárọ̀, kò sì sí ẹni tó rántí sọ fún un pé àlejò wà nílé. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó rí òkú nínú pálọ̀ ọmọ rẹ̀. Ìyá ju igbá ẹrù sílẹ̀, ó kígbe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ilé wọn dárò ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ wọ gbogbo ara wa. Kámẹ́rà ń lọ. Àwọn òṣèré obìnrin náà gbàgbé eré, wọ́n bú sẹ́kún gidi. Òkú fúnra rẹ̀ ń sunkún lábẹ́ aṣọ. Onílé sáré wọlé láti ìta, ó ní, "Ìyá, èmi rèé o, mo wà láàyè!" Ìyá wò ó, ó gbá a létí, ó sì wá dì mọ́ ọn. Nígbà tí a sọ ohun tí à ń ṣe fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì ní kí a máa lò ó lọ, kí a ṣáà san owó ata tí òun dà nù. Ẹkún rẹ̀ ló wà nínú fíìmù náà. Àwọn tó wò ó máa ń béèrè orúkọ òṣèrébìnrin yẹn lọ́wọ́ wa.

Àwọn ará ibòmíràn mọ iyì irú ìtàn báyìí, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Roger Corman ti Amẹ́ríkà, tó parí púpọ̀ jù lọ nínú The Little Shop of Horrors ti 1960 láàárín ọjọ́ méjì àti òru kan, kọ ìtàn ara rẹ̀ ní 1990. Bruce Campbell, olú òṣèré The Evil Dead, fíìmù iwin tí àwọn ọ̀rẹ́ kan lọ yà nínú ilé onípákó kan ní igbó Tennessee, kọ tirẹ̀ náà, tòun ti gbogbo ìyà otútù àti ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Robert Rodriguez. Ọmọ Texas ni. Ó ya El Mariachi ní èdè Spanish ní 1991, ní ìlú kan ní ẹnu ibodè Mẹ́síkò, ọjà fídíò àwọn ará Mẹ́síkò ló sì ń wò gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń wo ọjà fídíò Ìdúmọ̀tà ní Èkó nígbà náà. Dọ́là 7,000 ló fi ṣe é. Ó rí apá kan nínú owó náà nípa fífi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwádìí kan tí wọ́n ti ń dán oògùn wò lára èèyàn, inú ibẹ̀ ló sì ti kọ ìtàn eré náà. Nígbà tí kò ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti kámẹ́rà, kẹ̀kẹ́ arọ ló jókòó sí, tí wọ́n ń tì í. Ní 1995, ó tẹ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ jáde, Rebel Without a Crew. Àwọn ọmọ tí kò ní kọ́bọ̀ kárí ayé ka ìwé yẹn, wọ́n sì gbé kámẹ́rà.

Mo mọ àwọn èèyàn nínú ìlú yìí tó ti ti kámẹ́rà lórí ọmọlanke, lórí bárò kọ́lékọ́lé, lórí ẹní tí èèyàn mẹ́rin ń wọ́ nílẹ̀. Níbo ni ìwé tiwọn wà?

Ní Wakaliga, ní Kampala ti Uganda, Isaac Nabwana ṣe Who Killed Captain Alex? ní 2010 pẹ̀lú owó tí kò ju dọ́là 200 lọ. Àjákù irin ni wọ́n fi rọ ìbọn inú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì to kọ̀ǹpútà tó fi gé e láti inú àlòkù. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ti wò ó lórí YouTube, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ń rìnrìn àjò lọ sí àdúgbò náà. Ṣùgbọ́n fíìmù yẹn bí wọ́n ṣe yà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ. Kọ̀ǹpútà náà kéré, Nabwana ní láti pa á rẹ́ kí àyè lè gba fíìmù tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀dà tí asọ̀tàn ti ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni ó ṣẹ́ kù. A mọ èyí nítorí pé ọkùnrin náà wà láàyè, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi í.

Àwọn tiwa ń kú lọ: Adé Love lọ ní 1996. Jímọ̀h Àlíù lọ ní oṣù kẹsàn-án 2020, Òrìṣàbùnmi tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní 2021. Inú mi dùn pé ilé Adé Love kò parun: Kúnlé Afọláyan ọmọ rẹ̀ ti ṣe Ìràpadà, ó ti ṣe Araromire, ó sì gbé Aníkúlápó dé Netflix ní 2022, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àbúrò rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn gbajúmọ̀ nìkan kọ́ ni mò ń sọ. Ta ló di iná mú nínú Kádàrá? Ta ló wa bọ́ọ̀sì náà? Ta ló se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun inú eré, ta ni kò sì tíì san owó rẹ̀ fún un? Àwọn yẹn ló mọ ibi tí omi gbé wọ ìyẹ̀fun.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Yunifásítì Ìlọrin wà níbí láti 1975. Zulu Sọfọla, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ eré oníṣe ní Nàìjíríà, ibẹ̀ ló ti kọ́ àwọn èèyàn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka eré, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ń ya àwòrán tó mọ́ ju kámẹ́rà VHS tí mo dárúkọ lónìí lọ. Ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà yìí. Ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n nípa àṣà àti ìṣe, wọ́n á kàn dáhùn yín bí ẹni tó ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀ ni. Ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ní lokéṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ wá béèrè: èló ni ẹ san fún jẹnẹrétọ̀ náà? Ọ̀dọ̀ ta ni ẹṣin ti wá? Kí ni ẹ fi ṣe ẹ̀jẹ̀? Ibo ni ẹ sùn? Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá dá.

Àti ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin tí bàbá yín fi àpótí kan sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn tí ẹ kò tíì ṣí. Ní 2016, nínú yàrá àjọ fíìmù ìjọba ní Jos, wọ́n rí Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, tí gbogbo èèyàn ti gbà pé ó ti nù. Wọ́n tún un ṣe ní Berlin, ó sì tún di wíwò. Nítorí náà ẹ má sun ún, ẹ má dà á nù, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn. Bí ẹ bá ṣí àpótí náà tí ó ń rùn bí ọtí kíkan, fíìmù ti ń jẹra nìyẹn, ẹ yára. Ẹ gbé e síbi tó tutù tí kò lọ́rinrin, ẹ kọ ohun tí ẹ bá mọ̀ nípa rẹ̀ sórí bébà kan, ẹ sì wá mi wá. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ti ṣe tán láti gbọ́, láti kọ ọ́, kí a sì wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè kà á. Tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí, ìwé wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ṣe àjẹ́ rí nínú fíìmù, tí bàbá rẹ̀ ti kú lójú ogun ẹ̀ẹ̀mejì nínú fíìmù kan náà, kí ó jọ̀ọ́ kọ orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó lọ jẹun.